Mo ń kọ ìtàn àròsọ nípa ọjà kòkó ní Àkúrẹ́: ojú ta ni kí a fi wò ó?

Òǹkọ̀wé Alágbàká (ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀)

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Ó ti tó oṣù mẹ́jọ báyìí tí mo ti ń kọ ìtàn àròsọ gígùn kan nípa àwọn tó ń ra kòkó tí wọ́n sì ń tà á sí òkè òkun. Ìtàn àgbẹ̀ nìkan kọ́ ni mo fẹ́ kọ, nítorí pé àwọn tó ti kọ ìyẹn ṣáájú mi pọ̀. Ohun tó jẹ mí lógún ni ibi iṣẹ́ fúnra rẹ̀: aago tí wọ́n ń jí, ẹni tó ń pàṣẹ fún ẹni, ohun tí ọmọ iṣẹ́ gbọ́dọ̀ rí kó má sọ, àti bí iye tí ẹnì kan rí lójú kọ̀ǹpútà ní Lọ́ńdọ̀nù ṣe ń di owó tí wọ́n ń kà sí àgbẹ̀ lọ́wọ́ ní Ìdànrè.

Orí mẹ́ta àkọ́kọ́ ti wà nílẹ̀. Olú ẹ̀dá ìtàn mi jẹ́ ọmọ Àkúrẹ́ kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ńlá kan ní Lọ́ńdọ̀nù, tó ń fi fóònù méjì ra ẹgbẹẹgbẹ̀rún tọ́ọ̀nù kòkó láì fọwọ́ kan ẹyọ kan rí. Mo gbé ìtàn náà sí 2024, nítorí pé ọdún yẹn ni iye tọ́ọ̀nù kan ní ọjà New York kọjá dọ́là 10,000 ní oṣù Kẹta, tó tún wá kọjá dọ́là 12,000 ní oṣù Kejìlá, èyí tí ojú ẹnikẹ́ni kò rí rí nínú iṣẹ́ náà. Mo kó orí mẹ́ta yìí fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Ó kà á tán, ó ní, "Ó dùn ún kà, ṣùgbọ́n n kò gbóòórùn kòkó níbẹ̀." Láti ọjọ́ tó ti sọ ọ́ ni n kò ti lè kọ ìlà kan sí i.

Mo mọ̀ pé àwọn tó ti ṣe iṣẹ́ yìí rí wà láàárín yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ ohun tí ẹ rí fún mi. Níbo ni kí n dúró sí kí n tó lè rí gbogbo rẹ̀?

Ará Apápá

Òǹkọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan ní Apápá tó ń kó kòkó lọ sí òkè òkun. Ẹ̀dá ìtàn yín tó ń fi fóònù méjì ra kòkó kò burú, àmọ́ ó jọ pé ẹ ti fún un ní ayé tó dẹrùn jù. Ìbẹ̀rù ló ń bẹ nínú yàrá tí ẹ gbé e sí. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ibi tí ìbẹ̀rù náà ti ń wá, nítorí pé bí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n, ìtàn yín kò ní ju ìtàn àwọn olówó lọ.

Àdéhùn tí mo ń sọ ni ìlérí láti ta kòkó tàbí láti rà á ní ọjọ́ iwájú, ní iye tí a ti fẹnu kò sí lónìí. Ẹyọ kan rẹ̀ ní ọjà Lọ́ńdọ̀nù tàbí ti New York jẹ́ tọ́ọ̀nù mẹ́wàá. Àpò kòkó kan jẹ́ kílò 62.5, nítorí náà àpò 16 ló ń pé tọ́ọ̀nù kan, àpò 160 ló sì wà lẹ́yìn àdéhùn kan ṣoṣo tí ẹnì kan fi ìka tẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà. Nígbà tí ilé iṣẹ́ wa bá ra kòkó ní Àkúrẹ́, tí ọkọ̀ ojú omi kò sì ní gbé e kúrò ní Apápá fún oṣù méjì sí mẹ́ta, a kò lè jókòó kí a máa gbàdúrà pé kí iye rẹ̀ má já. A óò ta àdéhùn sí ọjà òkè òkun ní ìwọ̀n kòkó tó wà lọ́wọ́ wa, tó fi jẹ́ pé bí iye kòkó inú ilé ìkẹ́rù bá já, èrè tó wà lórí àdéhùn yóò dí àdánù náà. Ọgbọ́n tó dára ni. Ṣùgbọ́n bí iye bá ń gòkè, àdéhùn tí ẹ ti tà ń pàdánù, ọjà yóò sì máa béèrè owó ìdúró lọ́wọ́ yín lójoojúmọ́, ìyẹn owó tí ẹ óò fi dí àdánù náà, owó gidi ni yóò sì gbà, kò ní gba kòkó. Ní 2024, àwọn ọjọ́ kan wà tí iye tọ́ọ̀nù kan sún kúrò níbi tó wà pẹ̀lú ohun tó lé ní dọ́là 1,000 láàárín ọjọ́ kan. Ìyẹn túmọ̀ sí dọ́là 10,000 lórí àdéhùn kan. Ẹni tó ní igba àdéhùn gbọ́dọ̀ wá mílíọ̀nù méjì dọ́là kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kòkó kún ilé ìkẹ́rù rẹ̀ dé àjà, kò sì sí owó lọ́wọ́ rẹ̀.

Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ kọ. Kò sẹ́ni tó ń pariwo. Oúnjẹ tí wọ́n rà lọ́sàn-án wà lórí tábìlì di alẹ́, epo ti dì lójú rẹ̀. Akápò kò lọ sílé, ó ń pe báǹkì kan lẹ́yìn òmíràn, ó sì ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà pẹ̀lú ohùn kan náà. Ohun tó dùn mí jù lọ kì í ṣe owó náà rárá. Ọmọkùnrin kan wà láàárín wa tó ti kìlọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún pé kí a dín àdéhùn tí a tà kù. Wọ́n ní ojo ni. Nígbà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ, àwọn tó yẹ kó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kò kí i mọ́ lójú ọ̀nà, nítorí pé wíwà rẹ̀ nínú yàrá náà ń rán wọn létí. Kó tó di pé ọdún parí, ó ti kó ìwé rẹ̀ jọ, ó lọ.

Ìyá Oníkòkó, Oǹdó

Òǹkọ̀wé ọmọ mi, mo kí ọ, mo sì kí ẹ̀yin tí ẹ ti sọ̀rọ̀ ṣáájú. Mo ti ń ra kòkó ní ìlú Oǹdó láti 1994. Mo ka ohun tí o kọ lẹ́ẹ̀mejì, n kò rí obìnrin kan níbẹ̀ àyàfi ẹ̀gbọ́n rẹ tó sọ òótọ́ fún ọ.

Wá sí sítọ́ọ̀ kòkó ní oṣù Kọkànlá, kí o wo àwọn tó jókòó sórí ẹní. Obìnrin ni gbogbo wọn. Wọ́n ń ṣa kòkó tó pẹlẹbẹ tí kò ní ẹran nínú, wọ́n ń ya èyí tó so mọ́ra wọn, wọ́n ń yọ èèpo àti okùn inú kòkó kúrò. Ọwọ́ wọn kì í dúró, etí wọn kì í di. Kò sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú sítọ́ọ̀ tí wọn kò mọ̀: àpò ẹni tó wọ́n omi sí kòkó kó lè wúwo, ẹni tí ọ̀gá jẹ lówó, ọmọ iṣẹ́ tó ń sùn sórí àpò nítorí pé kò rí owó ilé san. Bí wọ́n bá fẹ́ mọ̀ bóyá kòkó gbẹ, wọn kì í wá ẹ̀rọ. Wọ́n á ti ọwọ́ bọ àpò dé ìgúnpá, wọ́n á fún un ní ẹ̀kúnwọ́, wọ́n á sì gbọ́ ọ. Kòkó tó gbẹ ń dún bí ewé gbígbẹ tí ènìyàn tẹ̀ mọ́lẹ̀. Èyí tó tutù kì í fọhùn.

Ohun kejì ni owó àsansílẹ̀. Ní oṣù Keje sí oṣù Kẹjọ, tí òjò ń rọ̀, tí kòkó ń dúdú lórí igi, tí àgbẹ̀ nílò oògùn tí yóò fọ́n sí i, tí owó ilé ìwé ọmọ sì ń bọ̀, ìgbà yẹn ni wọ́n ń wá bá mi. Mo máa ń fún wọn lówó lórí kòkó tí yóò jáde ní oṣù Kẹwàá. Kò sí ìwé. Ẹ̀rí kan, ìyàwó tàbí àbúrò, ló máa ń jókòó tì wá. Ní 2024 tí iye ń fò lójoojúmọ́, àwọn tó ti gba owó mi rí ẹlòmíràn tó fẹ́ san jù bẹ́ẹ̀ lọ, mẹ́rin nínú wọn sì kó kòkó lọ fún un lóru. Mẹ́ta ti wá bẹ̀ mí láti ìgbà náà. Ìkẹrin ń gba ọ̀nà ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì wọlé kí ojú wa má baà ṣe mẹ́rin. Mo fẹ́ràn rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ọmọ rẹ̀ obìnrin ń jẹ́ orúkọ mi. Bí o bá lè kọ ìyẹn, o ti kọ ọjà kòkó.

Olùkọ́ Ẹkímọ̀gún

Ẹ ṣeun, Màmá. Èmi kì í ṣe oníkòkó, olùkọ́ èdè Yorùbá ni mí, nítorí náà orí èdè ni n óò dúró lé.

Àwọn ọ̀rọ̀ iṣẹ́ yìí máa ń dẹ́rù ba òǹkọ̀wé, á sì kó wọn sínú ìtàn ní èdè àjèjì bí ẹni pé a kò ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀ rí. Ohun tí Màmá ṣàlàyé lókè yìí, a ti ń pè é ní títà lórí igi tipẹ́. Àgbẹ̀ gba owó èso tí kò tíì pọ́n, ẹni tó fún un lówó sì gba ewu òjò àti ti àrùn pọ̀ mọ́ èso náà. Kí ẹ̀dá ìtàn tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù máa rò ó báyìí nínú ara rẹ̀: ohun tí òun ń ṣe ni títà lórí igi, àmọ́ òun kò rí igi náà, ẹni tó sì tà á fún òun lè má ní igi kankan. Nígbà tí òǹkàwé Yorùbá bá ka ìyẹn, yóò yé e, àyà rẹ̀ yóò sì já.

Bákan náà ni àṣà ibi iṣẹ́. Àwọn òṣómàáló Ìjẹ̀ṣà tó ń ta aṣọ láwìn káàkiri ìlú nígbà àwọn baba wa ní òfin tiwọn: wọ́n á lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà oní-gbèsè, wọn kò ní dìde títí wọ́n á fi gba owó wọn. Orúkọ wọn ti inú ìlóṣòó náà wá. Ẹ fi akápò tí Ará Apápá sọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òṣómàáló kan, ẹ óò rí i pé owó ìdúró tí ọjà ń béèrè lójoojúmọ́ jẹ́ òṣómàáló tó lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́.

Mo fẹ́ kìlọ̀ nípa ohun kan. Ní oṣù Keje 2010, Anthony Ward ti ilé iṣẹ́ Armajaro gba kòkó tó lé ní tọ́ọ̀nù 240,000 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nípasẹ̀ ọjà Lọ́ńdọ̀nù, ìwé ìròyìn káàkiri ayé sì gbé e. Irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ máa ń fa òǹkọ̀wé mọ́ra nítorí pé ó tóbi, ó sì rọrùn láti fi ṣe olú ẹ̀dá ìtàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ jìnnà sí gbogbo ènìyàn tó wà nínú iṣẹ́ náà. Ẹ wá ẹni tí ìwọ̀ntúnwọ̀nsì agbára rẹ̀ mú kó máa rí ọ̀gá lápá kan kó sì máa rí àgbẹ̀ lápá kejì.

Kíláàkì Àtijọ́

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àná, mo sì ti kọ èsì yìí nù lẹ́ẹ̀mẹta. Mo rò pé ẹni tí Olùkọ́ ní kí ẹ wá, èmi ni.

Ní 1987, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí nígbà tí mo wọ sítọ́ọ̀ kòkó kan lójú ọ̀nà Ọ̀dà ní Àkúrẹ́ gẹ́gẹ́ bí kíláàkì ìwọ̀n. Ẹ gbọ́dọ̀ mọ ohun tí àkókò náà jẹ́. Láti 1947 ni Bọ́ọ̀dù, àjọ tí ìjọba gbé kalẹ̀ fún títa kòkó, ti ń ra kòkó wa, orúkọ rẹ̀ sì ń yí padà láti ìgbà dé ìgbà. Nígbà Bọ́ọ̀dù, wọ́n ti kéde iye kí ọdún kòkó tó bẹ̀rẹ̀, owó alágbàtà sì ní gbèdéke, tó fi jẹ́ pé ibi tí alágbàtà ti lè rí àfikún jù lọ ni ìwọ̀n. Ní 1986, ìjọba tú Bọ́ọ̀dù ká lábẹ́ SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé. Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni tó bá lówó lè ra kòkó. Àwọn tí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín kòkó àti obì ya wọ Àkúrẹ́ pẹ̀lú owó nínú àpò ìrẹsì, nítorí pé kòkó tí wọ́n bá kó jáde ń di owó òkè òkun fún wọn. Wọ́n ń ra tutù, wọ́n ń ra èyí tó ti bu. Iye ń yí lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ti kọ́ bí a ṣe ń jẹ nínú ìwọ̀n nígbà Bọ́ọ̀dù kò gbàgbé.

Sikéèlì wa jẹ́ èyí tí wọ́n ń gbé àpò lé lórí, ojú rẹ̀ rí roboto bí ti aago. Nọ́ọ̀tì kékeré kan wà lábẹ́ ojú náà. Ní aago mẹ́fà àárọ̀, kí a tó ṣílẹ̀kùn, ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló ń yí i, èmi ni mo sì ń di tọ́ọ̀ṣì mú. Ọwọ́ irin náà yóò sún sẹ́yìn kílò mẹ́ta sí òdo. Ọ̀gá yóò wá fi ìwé pélébé kan lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ dígí kó má baà hàn. Kò sọ ohunkóhun fún mi rí nípa rẹ̀. Kò pàṣẹ, kò halẹ̀, kò ní kí n má sọ. "Gbé iná náà sókè díẹ̀" nìkan ni ọ̀rọ̀ tó ń sọ. Bàbá ni gbogbo wa ń pè é, òun ló gbé owó ìsìnkú ìyá mi kalẹ̀, inú sítọ́ọ̀ rẹ̀ ni mo ń sùn. Báwo ni mo ṣe fẹ́ bi í léèrè?

Bàbá arúgbó kan wá láti ìhà Ìdànrè pẹ̀lú àpò méjì. Kòkó rẹ̀ dára. Ó ti bò ó dáadáa nínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó sá a gbẹ, nígbà tí a là á, inú rẹ̀ pọ́n bí igi ìrókò, kò sí àwọ̀ eérú kankan níbẹ̀. Ọwọ́ irin dúró sórí 58. Èmi mọ̀ pé 61 ni. Bàbá náà wò ó, ó wo ojú mi, ó ní, "Ọmọ mi, ṣé bó ṣe wí nìyẹn?" Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá." Mo kọ 58.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo ìdáhùn mi dáadáa. N kò parọ́ fún un. Bó ṣe wí nìyẹn lóòótọ́. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń sọ èyí fún ara mi.

Ará Apápá

Kíláàkì, ẹ kú ọkàn akin. Mo fẹ́ fi ohun kan kún un, kì í ṣe láti gbè sẹ́yìn ọ̀gá yín, àmọ́ kí ìtàn náà lè kún.

Kòkó tó wọ ọkọ̀ ojú omi kò gbọ́dọ̀ ní omi ju nǹkan bíi ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò bu lójú omi. Bí alágbàtà bá ra àpò kílò 62.5 tí omi inú rẹ̀ jẹ́ ìdá 10, tó wá sá a títí ó fi di ìdá 7, àpò náà yóò pàdánù kílò méjì gbáko. Kò sẹ́ni tó jí i, oòrùn ló gbé e lọ. Ilé iṣẹ́ bíi tiwa ní Apápá kò ní san owó kílò méjì náà, a óò sì tún yọ tiwa lórí àyẹ̀wò. A máa ń gé ọ̀ọ́dúnrún ẹyọ kòkó sí méjì lóòró, a óò ka èyí tó bu, èyí tí kòkòrò jẹ àti èyí tó ní àwọ̀ eérú nítorí pé wọn kò bò ó tó. Ọ̀gá yín mọ gbogbo èyí nígbà tó ń yí nọ́ọ̀tì náà ní àárọ̀. Lójú tirẹ̀, ó ń gba ohun tí oòrùn àti Apápá yóò gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́la ni.

Èyí ló jẹ́ kí àṣà náà lágbára. Òótọ́ kan wà nídìí rẹ̀, lórí òótọ́ yẹn ni wọ́n sì kọ́ olè lé.

Ìyá Oníkòkó, Oǹdó

Ará Apápá, mo gbọ́ àlàyé rẹ, ìṣirò rẹ sì tọ̀nà. Àmọ́ kòkó bàbá náà gbẹ. Kíláàkì ti sọ ọ́. Kí wá ni oòrùn tún fẹ́ gbé lọ lára rẹ̀? Kílò mẹ́ta tí wọ́n yọ lára kòkó rẹ̀ ni wọ́n fi dí ihò ẹni tó kó tutù wá. Àgbẹ̀ tó ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa ló ń san gbèsè àgbẹ̀ tó ṣe é kábakàba, kò sì sẹ́ni tó sọ fún un.

Èmi náà ń yọ owó lórí kòkó tutù. Bí ẹnì kan bá gbé e wá, n óò ní kó ti ọwọ́ tirẹ̀ bọ inú àpò, kó fún un, kó gbọ́ ọ, n óò wá sọ pé kílò méjì ni n óò yọ tàbí kó lọ tún un sá sórí sìmẹ́ǹtì mi fún ọjọ́ méjì láìsan kọ́bọ̀. Àwọn kan máa ń bínú lọ. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn máa ń padà wá. Mo pàdánù oníbàárà nítorí rẹ̀, mo jẹ́wọ́, pàápàá ní ọdún tí kòkó wọ́n tí àwọn ọkọ̀ àjèjì ń dúró lẹ́nu ọ̀nà oko. Ṣùgbọ́n kò sí ọmọ iṣẹ́ kankan tó di tọ́ọ̀ṣì mú fún mi rí.

Ọmọ Ìdànrè

Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín. Èmi wà lẹ́nu iṣẹ́ náà lọ́wọ́lọ́wọ́, mo sì fẹ́ sọ ohun tó ti yí padà, kí ìtàn náà má baà dà bí ti àtijọ́ nìkan.

Orí WhatsApp ni iye ń gbà wọlé báyìí. Ó lè yí lẹ́ẹ̀mẹta kó tó di ọ̀sán, àgbẹ̀ náà sì ní fóònù, ó ń wo iye ní Àkúrẹ́ àti ní Oǹdó lẹ́ẹ̀kan náà kó tó gbé àpò rẹ̀ kúrò nílé. Sikéèlì tó ń fi nọ́ńbà hàn ti pọ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó mọ bí a ṣe ń tún inú rẹ̀ ṣe náà ti wà. Iṣẹ́ tèmi ni pé kí n máa rìn yí oko ká pẹ̀lú fóònù láti ya àwòrán ààlà rẹ̀. Òfin tí àwọn Yúróòpù ṣe ní 2023 sọ pé kòkó tó bá ti inú igbó tí wọ́n pa lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 2020 jáde kò ní wọ ọ̀dọ̀ wọn, oko tó bá sì ju hẹ́kítà mẹ́rin lọ gbọ́dọ̀ ní àwòrán ààlà. Bàbá kan bi mí pé, "Ṣé àwọn tó fẹ́ mọ ibi tí oko mi dé, wọ́n tún fẹ́ mọ iye tí wọ́n san fún mi?" Mo kọ ìbéèrè náà sí ẹ̀yìn ìwé mi. N kò ní ààyè tí mo lè fi í sí nínú fóònù.

Òǹkọ̀wé Alágbàká

Ẹ̀yin èèyàn mi, n kò mọ bí n óò ṣe dúpẹ́. Mo ti kó orí mẹ́ta àkọ́kọ́ sápá kan. Ọmọkùnrin Lọ́ńdọ̀nù náà ṣì wà, àmọ́ ó ti di ohùn tí a ń gbọ́ lórí fóònù ọ̀gá. Ìtàn náà ti bọ́ sọ́wọ́ kíláàkì. Mo fi ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ síbí, pẹ̀lú ìyọ̀ǹda ẹni tó ni ín, mo sì ti yí iye kílò padà kí ẹnikẹ́ni má baà dá a mọ̀:

*Bàbá náà gbé àpò àkọ́kọ́ lé orí irin fúnra rẹ̀, kò jẹ́ kí ẹlẹ́rù bá a dá sí i. Ó ṣí fìlà, ó súnmọ́ ọn, ó sì wo ojú sikéèlì bí ẹni tó ń wo ojú ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá. Ọwọ́ irin náà lọ, ó bọ̀, ó gbọ̀n, ó dúró. Lórí ẹní, àwọn obìnrin kò gbójú sókè, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn ti dúró. Ọ̀gá wà nínú yàrá kejì, fóònù wà létí rẹ̀, ó ń sọ fún ẹnì kan ní Apápá pé àpò 160 yóò pé kó tó di ọjọ́ Ẹtì. Kíláàkì ṣí ìwé. Òórùn epo tọ́ọ̀ṣì ṣì wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ láti àárọ̀.*

*"Ọmọ mi, ṣé bó ṣe wí nìyẹn?"*

*Ó wo ọwọ́ irin náà. Kò wo bàbá.*

*"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."*

*Ó kọ 59. Lórí ẹní, ìyá kan tó dàgbà jù nínú wọn mú kòkó kan, ó fún un láàárín ìka méjì títí ó fi fọ́, gbogbo sítọ́ọ̀ sì gbọ́ bó ṣe dún.*

Ẹ bá mi wò ó. Bí ohunkóhun bá wà níbẹ̀ tí kò rí bẹ́ẹ̀, ẹ sọ fún mi.

Kíláàkì Àtijọ́

Mo kà á fún ìyàwó mi lálẹ́ àná. N kò sọ ọ̀rọ̀ yìí fún un rí láti ọdún tí a ti fẹ́ ara wa.

Tọ́ọ̀ṣì wa kì í lo epo, bátìrì ni. Òórùn tó ń wà lọ́wọ́ mi jẹ́ ti gíríìsì tí ọ̀gá fi sí nọ́ọ̀tì náà, nítorí pé mo máa ń bá a nù ún. Àwọn obìnrin náà gbójú sókè ní ọjọ́ yẹn, gbogbo wọn, èmi ni wọ́n sì wò. Ohun tó kù tọ̀nà.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá iye náà padà sí 58, kò yẹ kí ẹ bò mí láṣìírí níbẹ̀. Àpò méjì ni bàbá náà gbé wá. Ẹ kọ èkejì sí i pẹ̀lú: 59 ni, mo sì kọ 56.